Itọ́ Ilé Ọdẹ́lẹ́yẹ

“Àǹtí mi, ṣé ẹ ti jókòó?”

Fọláfúnmi ti jókòó. Láti aago méje ààbọ̀ ló ti wà lórí ìdúró níwájú àwọn ọmọ pírámárì kẹrin, àsìkò oúnjẹ ọ̀sán yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àga gbé ìdí lé nínú yàrá àwọn tíṣà. Ó ti bọ́ bàtà, ó sì ti bu ẹ̀wà sẹ́nu kí fóònù tó dún.

“Mo ti jókòó, Adéjàre. Kí ló dé?”

“Èsì àyẹ̀wò ti jáde. Ó bára mu, Àǹtí mi. Inisa, Òkukù, Ìkìrun, bàbá kan náà ló bí gbogbo wa. Mò ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà báyìí, kedere ló wà. Itọ́ Bàbá ló tún wá sún mọ́ ti Òkukù jù. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́.”

“Ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Ẹ̀wà ló wà lẹ́nu mi.”

Ẹ̀wà wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ṣe é gbé mì mọ́. Ó tu ú sínú bébà, ó sì ká bébà náà pọ̀.

Adéjàre yìí, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni. Ẹ̀ńjínnìà ni l’Ékòó. Orúkọ bàbá tiẹ̀ ló ń jẹ́, kì í jẹ́ Ọdẹ́lẹ́yẹ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ Ọdẹ́lẹ́yẹ ń dùn tó o nínú gbogbo ẹbí. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé ni pé ọdẹ kan ló jẹ́ orúkọ náà, pé ìgbà ogun Jálumi ni àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká, tí ọ̀kan fi wà ní Òkukù, tí ọ̀kan wà ní Inisa, tí ọ̀kan sì wà ní Ìkìrun. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́ Ọdẹ́lẹ́yẹ títí dòní, wọ́n sì ń jà títí dòní lórí pé ta ni àkọ́bí, àti pé níbo gan-an ni bàbá ńlá wọn ti wá. Adéjàre ní itọ́ ló máa yanjú ẹ̀. Ó ra ìgò kékeré mẹ́ta láti òkè òkun. Ó ní ohun kan wà nínú itọ́ ọkùnrin, tí bàbá ń gbé fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti ìran dé ìran, tí kì í sí lára obìnrin, tí ọmọ kì í sì í bá lọ́dọ̀ ìyá. Nítorí náà itọ́ Adéjàre kò wúlò. Itọ́ Fọláfúnmi náà kò wúlò. Bàbá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, nìkan ni ọkùnrin tó kù ní Ìkìrun tó ń jẹ́ Ọdẹ́lẹ́yẹ.

Itọ́ Fọláfúnmi kò wúlò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúlò. Tí iléèwé bá ti parí, á bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, ó di Inisa. Ó di Òkukù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sí Òkukù, nítorí wọ́n ní ẹni tó máa tu itọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Bàbá Òkukù kò sì mọ bí àlejò ṣe ń wọlé kí èèyàn má fi obì kí i. Á pa obì, á fún un, á jẹ tiẹ̀. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, àlejò míì á ti dé, obì míì á ti là.

Ní ti bàbá tirẹ̀, kò tu rárá. Aládùúrà ni, ó sì le. “Itọ́ ẹnu mi ni mo fi ń súre fún yín láràárọ̀,” ló wí. “Ẹ wá fẹ́ gbé e lọ sí ìlú tí mi ò mọ̀, sọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀? Mi ò tu.” Ọjọ́ mẹ́ta ni Fọláfúnmi fi bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, dírẹ́bà tó máa gbé ẹrù náà lọ fún Adéjàre ń pe fóònù rẹ̀ láti gáréèjì, ó ní èrò ti pé, òun fẹ́ ṣí. Fọláfúnmi gbé ìgò jáde kúrò ní yàrá Bàbá, òfìfo ni. Bàbá Fuad ló kọ́kọ́ rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rán ṣòkòtò lórí maṣíìnì.

“Bàbá Fuad, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tu itọ́ sínú nǹkan yìí. Kó dé ibi ìlà yẹn.”

Bàbá Fuad kò bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kì í bèèrè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, inú yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti bí àwọn ọmọ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àlejò ni bàbá bàbá rẹ̀, pé ìwọ̀fà ni wọ́n fi í ṣe nínú ilé náà láyé ọjọ́un, tí kò sì padà sílé mọ́. Tó bá di ìpàdé ẹbí, Bàbá Fuad ló ń to àga. Kì í jókòó lórí ẹ̀. Ó tu itọ́ náà títí ó fi dé ibi ìlà, ó nu ẹnu, ó sì padà sídìí ṣòkòtò rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kẹta kí ojú Fọláfúnmi tó là sí ohun tó ṣe. Tí itọ́ àlejò bá dé ọ̀hún tí kò bá ti Inisa àti Òkukù mu, wọ́n máa ní bàbá òun kì í ṣe ọmọ Ọdẹ́lẹ́yẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gbàdúrà kí ìgò náà fọ́ sọ́nà. Ìgò kò fọ́. Itọ́ àlejò bá ti onílé mu.

“Mo máa wá kà á fún wọn lọ́jọ́ Sátidé,” ni Adéjàre ń wí lórí fóònù. “Mo ti pe Bàbá Inisa, mo ti pe Bàbá Òkukù. Ibẹ̀ náà la ti máa parí ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilé, kó kó ẹrù ẹ̀, ká lè kọ́ gbọ̀ngàn ẹbí síbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Fuad, kó má bàa bá wọn lójijì.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin lẹ wà nílé, Àǹtí mi.”

Ó ti gbọ́ gbólóhùn yìí tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Òun ló wà nílé, òun ló ń gbé Bàbá lọ sọ́sibítù, òun ló ń gba àlejò, òun ló ń kó ẹjọ́ gbogbo ẹbí sétí. Rírẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́ yìí, kì í ṣe ti òní. Agogo lù, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì padà sí kíláàsì.

*

Nígbà tó dé ilé, Bàbá Fuad ń pààrọ̀ síìpù yúnífọ́ọ̀mù ọmọ kan. Fọláfúnmi fa àpótí kan, ó jókòó tì í.

“Bàbá Fuad, ẹ rántí ìgò tí mo ní kẹ́ ẹ tu itọ́ sí?”

“Èyí tí mo tu títí ẹnu mi fi gbẹ? Mo rántí. Àìsàn ni wọ́n rí níbẹ̀?”

“Rárá o.” Ó sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́: ìgò Bàbá tó ṣófo, dírẹ́bà tó ń kánjú, èsì tó dé lónìí. “Ọmọ Ọdẹ́lẹ́yẹ ni yín. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín pẹ̀lú Bàbá Òkukù.”

Bàbá Fuad bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́ títí, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

“Bàbá mi máa ń sọ ọ́,” ló wí. “Ó ní Òkukù làwọn ti wá, pé ìyá kan ló pọn bàbá òun sá wá síbí nígbà ogun, tó sì kú sójú ọ̀nà kó tó lè sọ ọmọ ẹni tó pọ̀n. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ilẹ̀ ló ń wá. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.”

“Ẹ̀yin náà kò sọ ọ́ rí.”

“Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Fuad fẹ́ ṣe wáẹ̀kì, mo ní kó kọ Ọdẹ́lẹ́yẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ bàbá. Àwọn àgbà ilé pè mí, wọ́n ní kí n lọ pa á rẹ́. Ìdí tí àwọn ọmọ mi fi ń jẹ́ Bùsàrí nìyẹn, orúkọ tèmi.”

“Bàbá mi wà níbẹ̀?”

“Bàbá rẹ ló bá mi lọ sí iléèwé, ká lè tètè ṣe é.” Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ń wá ojú rẹ̀. “Má sọ ọ́ o, Fọláfúnmi.”

“Wọ́n fẹ́ lé yín jáde lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Fuad.”

“Mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Fuad l’Ékòó, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, àwọn márùn-ún, ṣùgbọ́n a máa sún kì fún ara wa. Tìẹ ni kó o rò. Tó o bá sọ ọ́, wọ́n máa ní kí bàbá rẹ tu tiẹ̀. Tí kò bá wá mu ńkọ́? Ẹni tó ti fi orúkọ yẹn gbó sínú ilé yìí. Kí ló máa wá máa jẹ́?”

Ohun tí Fọláfúnmi ti ń rò kó tó délé náà nìyẹn. Tó bá dákẹ́, arúgbó yìí máa kó maṣíìnì rẹ̀ kúrò nínú ilé bàbá rẹ̀ gan-an. Tó bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ bàbá tòun ló máa di àlejò. Ojú tì í, nítorí kò sẹ́ni tó fà á bí kò ṣe òun.

*

Láàárọ̀ Sátidé, ó ń fi òrí pa orúnkún Bàbá, bó ṣe máa ń ṣe kó tó jáde. Kò rò ó pẹ́. Ó mọ̀ pé tóun bá rò ó, òun kò ní lè sọ ọ́.

“Bàbá, itọ́ tí wọ́n fi orúkọ yín gbé lọ, kì í ṣe tiyín. Ti Bàbá Fuad ni.”

Bàbá ń wo orúnkún rẹ̀. “Ó sì bá ti àwọn tó kù mu?”

“Ó bá a mu.”

Wọ́n gbọ́ adìyẹ níta. Wọ́n gbọ́ tí Bàbá Fuad ń wọ́ àga kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tò wọ́n sí pálọ̀ de àwọn tó máa wá lé e.

“Ọ̀tún yẹn ló ń dùn mí jù,” ni Bàbá wí. “Fi kún un.”

Ó fi kún un.

“Kí ni Bùsàrí wí?”

“Ó ní kí n má sọ ọ́. Ó ní nítorí yín.”

Bàbá di ojú rẹ̀. “Ẹnu rẹ ló wà,” ló wá sọ. “Mi ò lè bá ọ sọ ọ́, mi ò sì lè bá ọ dì í. Bá mi mú fìlà mi wá.”

*

Aago mọ́kànlá ni wọ́n pé jọ. Bàbá Inisa ni olórí ẹbí, òun ló dàgbà jù, ó jókòó sáàárín. Bàbá Òkukù wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Bàbá wà lósì. Adéjàre gbé kọ̀ǹpútà lé tábìlì, ó sì kà á fún wọn, bí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe já sọ́dọ̀ bàbá kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ti pínyà láti nǹkan bí ìran márùn-ún sẹ́yìn. Ní ti ibi tí bàbá náà ti wá kó tó di ọdẹ ní agbègbè yìí, ó ní àyẹ̀wò náà kò lè sọ ọ́, àfi tí àwọn èèyàn púpọ̀ sí i bá tu itọ́.

“Ká tún máa tu itọ́ kiri?” ni Bàbá Inisa wí. “Èyí tá a tu yìí ti tó. Ẹ jẹ́ á dúpẹ́.”

Wọ́n dúpẹ́. Bàbá Òkukù rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń wí i pé Òkukù ni orírun, ẹ ò rí i bí ti Ìkìrun ṣe sún mọ́ tòun. Wọ́n mu omi. Lẹ́yìn náà ni Adéjàre wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹ̀yìnkùlé.

“Kò sẹ́ni tó kórìíra Bàbá Fuad,” ló wí. “Wọ́n ti ṣe wá lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí, ti ẹbí ni. A ti wá mọ ẹni tó jẹ́ ẹbí báyìí, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ mọ́. Mo rò pé tí a bá fún wọn títí di ìparí oṣù, a ò ṣe ìkà.”

Bàbá Fuad wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tó máa ń wà, wọ́n sì mọ̀ pé ó ń gbọ́. Bàbá Inisa wo yíká, ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Fọláfúnmi kúnlẹ̀.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ foríjì mí. Mo ṣe àṣìṣe kan. Ìgò Ìkìrun yẹn, Bàbá kò tu itọ́ sí i. Wọ́n kọ̀. Ó rẹ̀ mí, mọ́tò ń lọ, mo bá gbé e fún Bàbá Fuad. Itọ́ Bàbá Fuad ni Adéjàre kà fún wa lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ló bá Inisa mu. Àwọn ló sún mọ́ Òkukù.”

Adéjàre wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá wo Fọláfúnmi.

“Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ wàhálà tí mo ṣe lórí iṣẹ́ yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi lo fi ṣe é.”

Adéjàre tún fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. “Ó dáa. A máa tún un ṣe. Bàbá máa tu tiwọn lónìí, èmi fúnra mi máa gbé e lọ. Ká mọ ibi tí wọ́n wà.”

“Mi ò tu,” ni Bàbá wí.

“Bàbá, nítorí orúkọ yín ni o.”

“Mo ní mi ò tu.” Ohùn Bàbá kò lọ sókè. “Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè. Láàárín èmi àti Bùsàrí, ìdí ta lẹ ti rí? Ti Bùsàrí ni. Èmi ni ẹ ò tíì mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ fi lé èèyàn kúrò nílé, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrù mi ò pọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ni, àti Bíbélì, àti òrí tí mo fi ń pa orúnkún.”

Fọláfúnmi kò lè gbójú sókè. Ó ń sunkún, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i. Adéjàre pa kọ̀ǹpútà dé.

“Ẹ pe Bùsàrí wọlé,” ni Bàbá Inisa wí.

Bàbá Fuad wọlé tòun ti okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá Inisa ní kó dìde, kó jókòó, kò sì sí àga tó ṣófo. Ó to iye tó máa kárí àwọn tó kù ni. Adéjàre dìde kúrò lórí tiẹ̀.

“O ti gbọ́ gbogbo ẹ̀,” ni Bàbá Inisa wí. “Kò sẹ́ni tó máa kó ẹrù kankan. Ìyẹn ti parí. Àmọ́ a ti jẹ ọ́ níyà, kò yẹ ká kàn dìde báyìí. Kí lo fẹ́ ká ṣe fún ọ?”

Bàbá Fuad ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé ó máa bèèrè ilẹ̀. Bóyá òun náà rò bẹ́ẹ̀.

“Mi ò fẹ́ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ó ti rẹ̀ mí. Bàbá mi ló wà ní ibojì ọ̀nà Ìbà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé wọn lọ síbẹ̀, pé àlejò kì í ní sàréè nínú ọgbà yìí. Ẹ bá mi débẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kì í ṣe èmi.”

Bàbá ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí Fọláfúnmi kó fa òun dìde. Adéjàre ti jáde lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán an. Àwọn àgbà tẹ̀ lé ara wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá dúró. Fọláfúnmi rò pé orúnkún ni.

“Bùsàrí,” ni Bàbá wí, “kí ni bàbá rẹ ń jẹ́?”

Bàbá Fuad wò ó.

“Bàbá Àlejò ni wọ́n kọ́ wa ká máa pè wọ́n láti kékeré,” ni Bàbá tún wí. “Ìgbà tí wọ́n kú, bẹ́ẹ̀ náà la pè wọ́n. Mi ò bèèrè orúkọ wọn rí. Mi ò lè dé ìdí sàréè wọn kí n tún máa pè wọ́n ní àlejò.”

“Jìmọ̀,” ni Bàbá Fuad wí. “Jìmọ̀ ni wọ́n ń jẹ́.”

“Jìmọ̀ Ọdẹ́lẹ́yẹ,” ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, ó sì tún un wí bí Fọláfúnmi ṣe ń dì í mú lọ sínú mọ́tò, kó má bàa gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀.